Ìwé Ìgbéga tí Bàbá Àgbà Dá Padà

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa Bàbá Àgbà, nítorí pé èmi ni mo bá a gbé jù nínú gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ańkù Délé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, tún kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé kí n jọ̀ọ́, kí n má fi ìjà kún un, pé ẹni tó ti lọ kì í jà mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá yìí, ẹ sọ òótọ́: bí mo bá yọ ìjà kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ló kù tí mo fẹ́ kọ? Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú nìkan ni. Nítorí náà, ìjà wà níbí o. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó tètè gba ibòmíràn lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "wọ́n" ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n "ó" ni màá lò níbí, kí ẹ má baà ṣì í mú fún àwọn tó bá a jà, torí àwọn yẹn pọ̀.

Iṣẹ́ lẹ́tà ni Bàbá Àgbà ṣe. Kì í ṣe lẹ́tà tí a ń fi ránṣẹ́ sí ènìyàn. Àwọn A, B, D tí ẹ ń kà yìí gan-an ni mò ń sọ: bí ìrísí wọn ṣe rí, bí wọ́n ṣe nípọn tó, àyè tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Zaria níbí bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sójú ìwé. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe fún Ańkù Délé. Sàbó níbí ni wọ́n ti bí Bàbá Àgbà, ọmọ télọ̀ ará Ọ̀fà tó bá ọkọ̀ ojú irin dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti àwọn atẹ̀wé ìlú kì í pè é lórúkọ. "Mai Haruffa" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni tó ni lẹ́tà, ó sì fẹ́ràn ìyẹn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ohun tí àlejò kọ́kọ́ máa ń kíyè sí nílé wa ni pé ohun tó bá ti ní ọ̀rọ̀ lára, orí kodò ló wà. Kàlẹ́ńdà dorí kodò lára ògiri. Bí ará ìjọ bá mú ìwé ìkésíni wá, Bàbá Àgbà á yí i po, á nà án jìnnà sójú, á wá máa wo àárín àwọn lẹ́tà bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé, orí kodò ni wọ́n máa ń tò ó, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ kò lè rí iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí wọlé láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Shika, mo sáré gbé ìwé náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó yí i po, ó wò ó pẹ́, ó mí kanlẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "àwọn tó tẹ èyí kò bẹ̀rù Ọlọ́run." Mo ní kó jọ̀ọ́ kó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìwà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó ìyá mi jẹ́. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè búra pé mo wà níbẹ̀. Bàbá Àgbà ní ẹnikẹ́ni kò ní bá òun tẹ ìwé ìkésíni ọmọ òun. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi to ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ó ń ki bébà pélébé sáàárín lẹ́tà kan àti èkejì, ó tún ń yọ ọ́. Orí kodò ló ń wò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì, kò sì sí ọjọ́ kan tó kà á. Ó tẹ igba, ó pín in dé Kaduna àti Ọ̀fà. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó. Ọjọ́ Ẹtì ló wà nínú ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbà ṣì ń ṣa ẹ̀wà, ìró ni ó so mọ́ àyà, nígbà tí mọ́tò àkọ́kọ́ láti Ọ̀fà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Títí di àsìkò Jímọ̀ wọ́n ń dé. Àwọn kan lọ sùn sọ́dọ̀ aládùúgbò, àwọn kan jẹun tán wọ́n padà sí Kaduna tìbínú-tìbínú, Ìyá Àgbà sì dáná ìgbéyàwó fún odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tó ráyè jókòó, ó gbé ìwé náà síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé e dúró bó ṣe yẹ, ó fi ìka sórí ọjọ́ náà. Bàbá Àgbà wọ jígí, ó kà á. "Mo rí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n Ìyá Délé, wo àyè tó wà níbẹ̀ ná." Wọ́n ní Ìyá Àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ìwé náà wà nínú gíláàsì ní pálọ̀ ìyá mi dòní. Ó rẹwà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.

Iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe gan-an bẹ̀rẹ̀ láti ara ìbínú. Nígbà tó wọṣẹ́, lẹ́tà Òyìnbó nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí wọ́n bá tẹ ìwé Yorùbá jáde, ẹnì kan á mú bírò jókòó, á máa fọwọ́ fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Hausa náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ìkọ́ sórí ɗ àti ƙ. Bàbá Àgbà ka èyí sí ìwọ̀sí. Ó ní wọ́n so àmì náà mọ́ lẹ́tà bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ igi, ewúrẹ́ ò sì lè di ẹ̀ka láéláé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́tà tirẹ̀, níbi tí àmì abẹ́ àti ìkọ́ ti jẹ́ ara lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí èdè méjèèjì lè jókòó sójú ìwé kan náà bí ọmọ ilé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló gbà á. Ó máa ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà ńlá, á fi píìnì so ó mọ́ okùn ìsáṣọ wa, láàárín yunifọ́ọ̀mù wa, á wá lọ dúró lẹ́nu géètì láti máa wò ó láti òkèèrè. Mo rántí pé lẹ́tà ẹ nìkan gba gbogbo ọyẹ́ ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá a jà jù lórí iṣẹ́ yìí ni Mallam Sule, ọkùnrin kan tó máa ń kun orúkọ sára lọ́rí ní Tudun Wada. Mallam Sule kò jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ Òyìnbó rí, ṣùgbọ́n bó bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan irin, ìlà náà kì í mì. Ọdún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì fi jà lórí ìkọ́ orí ɗ. Mallam Sule ní kó tẹ̀ bí ọrùn ràkúnmí, kamar wuyan raƙumi. Bàbá Àgbà ní ràkúnmí yẹn ti gùn jù. Wọ́n á jà tán, wọ́n á jọ mu tíì, wọ́n á túká láìkí ara wọn. Nígbà tó yá, Bàbá Àgbà ya ọrùn ràkúnmí náà, ó sì gbé e lọ sí Tudun Wada fúnra rẹ̀, èmi ni mo bá a di ẹ̀gbẹ́ kejì bébà náà mú. Mallam Sule wò ó, ó nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "To, yanzu ya yi," ó ní, pé ó ti wá dáa báyìí. Nígbà tí a ń padà bọ̀, inú Bàbá Àgbà dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Ó sọ fún mi pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló wà ní Zaria, ara lọ́rí ló ń kùn."

Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ni egbò ilé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Àgbà kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ àti àwọn ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a lóhùn pé lẹ́tà kì í ṣe ìwádìí. Péépà ni kó kọ, ìyẹn àpilẹ̀kọ ìwádìí. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lójú rẹ̀. Ańkù Délé tó ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé ní Ìlọrin náà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kan tó wá kí wa, mò ń bu túwo fún wọn, ó fẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní péépà márùn-ún péré, kí Bàbá kọ ọ́, kí wọ́n gba oyè wọn.

"Ta ni yóò kà á?" Bàbá Àgbà bi í.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó ń kà á. Kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́."

"Èyí tí mo ṣe yìí, àwọn ọmọ kéékèèké ló fi ń kọ́ ìwé kíkà," ni Bàbá Àgbà wí. Ó fọwọ́ fa àwo ọbẹ̀ sọ́dọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Nígbà kẹta, ìgbìmọ̀ náà ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, mo sì dúró wòran. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n: olórí wọn, ọkùnrin kejì tó wọ bàbáńríga funfun, àti obìnrin kan láti ìlú mìíràn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rakiya. Àṣà kan wà tí Bàbá Àgbà fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní kọ́ wọn ní nǹkan kan. Á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń to lẹ́tà, á ní kó to orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń tò ó bí wọ́n ṣe ń kà á, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ náà á kọ ẹ̀yìn sí olúwa rẹ̀, á máa rìn láti ọ̀tún lọ sí òsì. Á gbé e kọ́ ògiri. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Àfi bí mo ṣe rí i tó fa irin mẹ́ta yọ, tó nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì fi ọ̀wọ̀ gbé wọn síwájú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí.

Ẹni tó wọ funfun ní òun kò lè fọwọ́ kan íǹkì. Olórí wọn fi ẹ̀rín gbà á, ó to orúkọ rẹ̀ kíákíá, Bàbá Àgbà tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Orúkọ náà kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Mallam," ó ní, "a ò wá síbí láti ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré, ọ̀gá. Orúkọ yín nìkan ni mo ní kí ẹ tò. Èmi ti to ti gbogbo ènìyàn."

Wọ́n bínú jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rakiya nìkan ló kù. Ó ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ó tún kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kò sì béèrè ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ti ń pe ìrun alásárì kí orúkọ rẹ̀ tó jáde bó ṣe yẹ. Ó wò ó lọ títí, ó wá bi Bàbá Àgbà pé ọdún mélòó ló fi ya lẹ́tà náà. Bàbá Àgbà ní ọdún mọ́kàndínlógún.

Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ìwé ìgbéga dé. Ọdún kan àti díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àwọn aládùúgbò gbọ́ kí àwa tó gbọ́, agboolé sì kún: àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì láti Wusasa, àwọn olùkọ́ láti GRA, Mallam Sule pẹ̀lú obì. Wọ́n ń sọ pé Allah ya sanya alheri, kí Ọlọ́run fi ire sí i. Ìyá Àgbà ti gbé ìkòkò kaná, ó ti wé gèlè. Bàbá Àgbà yí ìwé náà po bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé e dúró, ó kà á. Ó tún un kà. Ìwé náà ní wọ́n fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ takuntakun tó ṣe nínú kọmítí ilé gbígbé, kọmítí ìgbaniwọlé, àti kọmítí aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Nínú gbogbo lẹ́tà tó yà, wọn ò dárúkọ ẹyọ kan. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ní kí n wá bírò wá.

Ìyá Àgbà tẹ̀lé e. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà.

"Bàbá Délé, ẹ gbà á. Bí wọn ò bá kọ òmíràn ńkọ́?"

"Màá fẹ̀yìn tì bí mo ṣe wà."

"Ta ló máa béèrè ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún yín?"

"Èmi."

Ìyá Àgbà jókòó sétí ibùsùn, ó sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí, mo sì kórìíra Bàbá Àgbà fún wákàtí yẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí ti ṣe nọ́ọ̀sì títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè ráyè máa fi bébà kọ́ okùn. Kí wọ́n kàn pè é ní ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan ló fẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kọ̀wé rẹ̀ tán, ó kó tirẹ̀ àti tiwọn sínú àpò ìwé kan, ó jáde sí àwọn àlejò. "Ẹ jẹun dáadáa," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ má kí mi." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e padà fún wọn.

Oṣù mẹ́rìnlá kọjá, kò sí èsì. Àwọn ènìyàn ní ìgbéraga ni, pé ó dà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹran tó ń béèrè irú màlúù tí wọ́n ti gé e. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kó fẹ̀yìn tì, ìwé mìíràn dé, kò gùn rárá. Ó ní wọ́n gbé e ga nítorí lẹ́tà tó yà fún Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la gbọ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Rakiya ti ń kọ̀wé sí wọn lóṣooṣù, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Nígbà tí Ańkù Délé bi bàbá rẹ̀ bóyá ó kábàámọ̀ àkókò tó ṣòfò, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tó jẹ́ tèmi sàn ju ogún ọdún tó jẹ́ ti kọmítí."

Lọ́dún yìí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sùn lórí àga rẹ̀, kò jí mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Wusasa la ti ṣe ìsìn. Ọkọ̀ tó gbé òkú dúró lábẹ́ igi dongoyaro, wọ́n ti fẹ́ gbé e wọlé, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ilé-ẹ̀kọ́ rán wá dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdágbére tí yóò kà. Ọmọ tó níwà ni, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní òun fẹ́ gbọ́ ọ ná. Ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́, nítorí náà ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo bẹ̀rẹ̀. Kọmítí ilé gbígbé. Kọmítí ìgbaniwọlé. Kọmítí aṣọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní olóògbé náà fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́. Mo gbójú sókè, mo rí Ańkù Délé tó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó ń ṣe mí bíi kí n fà á ya.

Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó dá a padà fún ọ̀dọ́kùnrin náà. "O ṣeun, ọmọ mi. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n tún un kọ."

"Màmá, ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"A ó dúró."

Ańkù Délé súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òkú wà nínú mọ́tò."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Kò kánjú."

Ó ní kí n gbé àga wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́kùnrin náà wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Àwọn akọrin kọ gbogbo orin tí wọ́n mọ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àlùfáà wo aago, ó wo Ìyá Àgbà, ó lọ jókòó. Mallam Sule, tí kò ríran mọ́ dáadáa, fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa, ó béèrè ohun tó dá wa dúró. Mo sọ fún un. "Haka ya kamata," ó ní, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò igi.

A lo wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú oòrùn. Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin náà padà dé, eruku ti bo bàtà rẹ̀, ìwé tó mú bọ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Mo ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ ni pé: ọkùnrin yìí ya lẹ́tà fún Yorùbá àti Hausa, iṣẹ́ ayé rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àgbà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, sókè, kí Ańkù Délé náà lè gbọ́.

Ìyá Àgbà di apá mi mú, ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ gbé ọkọ mi wọlé," ó ní.